Orúkọ Kétu: ohun tí ìtàn wí, ohun tí ohùn fi hàn

Wọ́n ní ìbéèrè ni orúkọ Kétu: ta ni yóò tú iké abuké, ta ni yóò fọ́ ìlú? Ìtàn so ó mọ́ abuké kan tí wọ́n sin sí ẹnubodè Akaba Ìdènà. Nínú gbólóhùn ọ̀hún, ké ló ń béèrè, tú iké ló tẹ̀ lé e. Ìpajẹ lè sọ tú iké di túké, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé ibi tí ké ìkẹyìn wọlẹ̀ sí. Ohùn pàápàá kò bára mu: ohùn òkè ló wà lórí tú, ohùn àárín ni Kétu fi parí. Lójú tèmi, orúkọ ti wà kí ìtàn tó dé. Ohun tí ìtàn náà jẹ́rìí sí ni bí ara ìlú ṣe gbójú lé odi àti yàrà wọn.

Ìbéèrè rí ìdáhùn ní 1886. Ogun Dàhòmì, nígbà Glèlè, fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tó yè padà wá tún un tẹ̀ dó, ṣùgbọ́n ààlà 1889 ti gé Ìmẹ̀kọ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ nìkan ni kò fọ́: àwọn tí wọ́n ti tà kọjá òkun gbé e dé Bahia, níbi tó ti di orúkọ ẹ̀ka candomblé kan.