Pápá Ìṣeré Àtijọ́ ti Ìlú Hamtramck

Bí a bá dárúkọ ìtàn, inú ìwé ni ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn a máa gbé inú igi àti irin pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì wó, òun náà a máa bá wọn lọ. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, nípa pápá ìṣeré kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Hamtramck jẹ́ ìlú kékeré tí ìlú ńlá Detroit yí ká, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Nínú ọgbà ìgbafẹ́ ìlú náà, tí à ń pè ní Veterans Park, ni pápá yìí wà. Eré bésíbọ́ọ̀lù ni a kọ́ ọ fún. Eré náà fi ara jọ kírìkẹ́ẹ̀tì: ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì a fi ọ̀pá gbá a, a sì sáré láti ibùdó dé ibùdó títí yóò fi padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìgbà náà, àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti aláwọ̀ funfun kì í jẹ́ kí ènìyàn dúdú bá wọn ṣeré. Àdéhùn tí a kò kọ sílẹ̀ ni, síbẹ̀ ó le bí òfin. Nítorí náà àwọn ènìyàn dúdú ní ẹgbẹ́ tiwọn, ti Detroit sì ni Detroit Stars. Mack Park ni wọ́n ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 1929 iná jó ibi ìjókòó onígi tí ó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùwòran sì fara pa. John Roesink, tí ó ni ẹgbẹ́ náà, wá kọ́ pápá tuntun sí Hamtramck ní 1930, ó sì fi irin gbé ibi ìjókòó rẹ̀ ró.

Àwọn akọni bíi Satchel Paige, Josh Gibson àti Cool Papa Bell ṣeré níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Norman Stearnes, tí inagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Turkey, èyíinì ni tòlótòló, ni ó wọ̀ wá lọ́kàn jùlọ. Ó wà lára àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù rékọjá ògiri jùlọ nínú àwọn ẹgbẹ́ dúdú. Bí eré bá kásẹ̀, a lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Walter Briggs. Briggs yìí kan náà wà lára àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun ti Detroit. Ó gba iṣẹ́ ọwọ́ Stearnes, ṣùgbọ́n kò gba eré rẹ̀. Jackie Robinson ṣí ilẹ̀kùn náà ní Brooklyn ní 1947. Ní Detroit, ó di 1958. Stearnes kú ní 1979. Ní 2000 ni a tó kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn ẹni ọlá eré náà.

Pápá náà pẹ̀lú rí ìgbàgbé. A tún un ṣe ní 1941, àwọn ọmọ ilé ìwé sì lò ó fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1990 a ti ibi ìjókòó rẹ̀ pa nítorí ó ti jẹrà. Àwọn olùfẹ́ ìtàn kò dákẹ́. Ní 2012 a kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà a kó owó tí ó ju mílíọ̀nù méjì dọ́là jọ. A kò wó o láti kọ́ tuntun: ohun tí ó lè dúró ni a dá sí, a sì tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe. A tún un ṣí ní 2022, orúkọ Stearnes ni a sì fi pe pápá náà.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ àwa tí a fẹ́ di olùkọ́? Ọmọ tí a bá mú dé ibi tí akọni dúró sí kì í tètè gbàgbé ohun tí a sọ fún un. Bí Hamtramck bá ti jẹ́ kí irin náà wó, ìwé nìkan ni ìbá kù láti jẹ́rìí fún Stearnes. Ẹ jẹ́ kí a wo àyíká tiwa, kí a sì béèrè ohun tí ó ń wó lọ níbẹ̀ kí ẹlẹ́rìí tó tán.