Ṣé Kí Á Pa Opera Mini Tì?

Ohun èlò tí ó ń bá wa ṣí ìkànnì lórí fóònù ni à ń pè ní bráúsà. Oríṣiríṣi ni ó wà. Chrome wà, Firefox wà, Opera Mini náà wà. Opera Mini ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń wá sí ẹ̀kọ́ alẹ́ wa ní Àrán-Ọ̀rin ń lò, nítorí kì í jẹ dátà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ rẹ̀ ń pọ̀: “Tíṣà, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́.”

Ìyá kan ń gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ọmọ rẹ̀. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ ìbí. Nígbà tí ó mú Kwara, tí ó yẹ kí ó mú Irẹ́pọ̀dùn tẹ̀ lé e, kò rí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kankan. Ọjọ́ méjì péré ni ó kù kí wọ́n ti fọ́ọ̀mù pa. Ó ní ṣé kí òun yọ Opera Mini dànù ni?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní Nọ́wè ni ó ṣe é. Ọdún 2005 ni ó jáde, nígbà tí fóònù kò lágbára láti ṣí ojú ìwé ńlá. Ẹ rántí ìgbà tí ẹni tí kò mọ̀wé bá gba lẹ́tà láti Èkó. Á gbé e tọ akọ̀wé lọ. Akọ̀wé á kà á tán, á sọ kókó rẹ̀ fún un ní gbólóhùn mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Opera Mini, bí ó bá wà ní ipò tí wọ́n ń pè ní Extreme. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Opera ni ó ń lọ ka ìkànnì náà, á fún un pọ̀ kí ó kéré, á wá fi ránṣẹ́ sí fóònù yín.

Èyí dára fún ìròyìn kíkà. Fọ́ọ̀mù kì í ṣe ìròyìn. Fọ́ọ̀mù òde òní ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù fúnra rẹ̀ bí ẹ ti ń kọ ọ́. Bí alárinà bá ti fún un pọ̀, iṣẹ́ náà lè dúró. Ìyá wa ṣí ojú ìwé kan náà nínú Chrome, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ sì jáde.

Ó ku ọ̀rọ̀ àṣírí. Akọ̀wé mọ ohun tí ó wà nínú lẹ́tà, àbí? Nítorí náà, ẹ má ṣe ọ̀rọ̀ báńkì ní ipò Extreme rárá.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti bráúsà nìkan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ìkànnì ń dán an wò lórí Chrome, wọn kì í bìkítà fún ìyókù. Opera fúnra rẹ̀ jẹ nínú ìyà yìí. Ní ọdún 2013 ó kéde pé òun ń fi ẹ̀rọ tirẹ̀ sílẹ̀ nínú bráúsà kọ̀ǹpútà òun, òun ń mú irú èyí tí Chrome ń lò. Microsoft ṣe bákan náà fún Edge ní ọdún 2020. Ní ti Internet Explorer àtijọ́, Microsoft fẹ̀yìn rẹ̀ tì ní ọdún 2022. Ẹni tí ó bá ṣì ń lò ó, kí ó fi í sílẹ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n Opera Mini kò tíì tó jù nù. Bí ẹ bá yọ ọ́, àwọn ojú ìwé tí ẹ fi pamọ́ sínú rẹ̀ lè bá a lọ. Ẹ kọ́kọ́ yí Extreme sí High, tàbí kí ẹ pa á, kí ẹ sì tún ojú ìwé ṣí. Bí ó bá kọ̀, ẹ lo Chrome, ó sábà máa ń wà lórí fóònù Android láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Bí Chrome náà bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni ìkànnì ni wàhálà wà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lóru. Ẹ sì ṣe gbogbo àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.