Nígbà Tí Iṣẹ́ Bá Bọ́ Lọ́wọ́ Baálé Ilé

Nínú abala ìlera àti ìmọ́tótó yìí, ọ̀rọ̀ omi kànga, ẹ̀fọn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la sábà máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ t'oṣù yìí kì í ṣe ti ìdọ̀tí tí ojú ń rí. Ó jẹ mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ẹni tí wọ́n fún ní ìwé gbélé-ẹ, àti ohun tí ará ilé rẹ̀ lè ṣe kí àìsàn má baà gba ibẹ̀ wọlé.

Arákùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Ìpàta níbí. Mo gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kọ èyí, mo sì ti yọ ohun tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n kúrò. Akọ̀wé owó ni ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, ọdún mọ́kànlá ló sì ti lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n pe òun àti àwọn mẹ́fà mìíràn, wọ́n fún wọn ní ìwé. Ó ká a, ó fi í sápò, ó lọ kírun, ó sì gbalé lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di àárọ̀ Àtìní, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tí wọ́n ti lọ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ìsọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta ìrẹsì lọ́jà Ìpàta ló lọ jókòó sí títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta tòmátì ló tú àṣírí náà láìmọ̀. Ó ní, "Alhaja, ṣé Alhaji gba lííbù ni? A kúkú máa ń rí wọn níbí láràárọ̀." Alhaja ní òun kò mọ bí òun ṣe dé ilé lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tó bọ́ kọ́ ló dùn ún jù. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Bọ̀dá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń bá wọn jà lórí owó oúnjẹ. Ahun ni mo rò pé wọ́n ń ṣe, wọn ò sì ní in." Nígbà tó fi máa mú ọkọ rẹ̀ wá kí a wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, 170 lórí 110 ló wà. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti kọjá 140 lórí 90, tí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta tí kò wálẹ̀, a ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí ìwé náà ti dé.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní ojú ń ti òun. Ojú kín-ni? Ṣé ó jalè ni? Ní 1975, nígbà ìjọba Murtala Muhammed, òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 ni wọ́n dá dúró. Ní 1984, nígbà ìjọba Buhari àti Idiagbon, ọmọ Ìlọrin tiwa, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tún gba ìwé. Àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìṣáná ní Ìlọrin àti nílé-iṣẹ́ ìwé ní Jẹ́bà mọ bí ó ṣe rí kí iṣẹ́ kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ wo ọdún 2023: ní 29 oṣù karùn-ún ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ; náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀; ní oṣù kẹjọ, ilé-iṣẹ́ oògùn GSK kéde pé òun ń kógbá sílé; ní oṣù kejìlá, Procter & Gamble náà ní òun kò ní máa ṣe ọjà jáde ní Nàìjíríà mọ́. Ọ̀lẹ àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ ló fa èyí. Ẹni tí ìwé bá kàn nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò jẹ́bi lọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ṣeré o, nítorí ó ń pa ènìyàn. Kaduna Textile Limited, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957 nígbà tí Ìlọrin ṣì wà lábẹ́ ìjọba ẹkùn Àríwá, tì pa ní 2002. Wọn kò san ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fún wọn bó ṣe yẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Elisha Renne ti Yunifásítì Michigan tẹ ìwé kan jáde ní 2020 lórí àwọn òṣìṣẹ́ yìí àti àwọn opó wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kú bí wọ́n ṣe ń retí owó wọn. Àwọn kan ní àìsàn tí oògùn lè kápá, owó oògùn ni kò sí.

Ìwádìí mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, ó ti pẹ́ ṣùgbọ́n ó wúlò. Ní nǹkan bí 1930, ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan tì pa ní Marienthal, abúlé kan nítòsí ìlú Vienna ní Ọ́sítríà. Ara ilé-iṣẹ́ yìí ni gbogbo abúlé ti ń jẹ. Marie Jahoda, Paul Lazarsfeld àti Hans Zeisel lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀, ìwé wọn sì jáde ní 1933. Wọ́n jókòó sójú fèrèsé, wọ́n mú aago dání, wọ́n ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń rìn. Àwọn ọkùnrin tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ń dúró lójú ọ̀nà ṣáá. Àwọn obìnrin ń yára, nítorí ọmọ àti oúnjẹ ń dúró dè wọ́n nílé. Wọ́n sọ ìwé yíyá ní ilé-ìkàwé di ọ̀fẹ́, síbẹ̀ ńṣe ni àwọn tó ń yá ìwé ń dín kù. Bí wọ́n bá bi ọkùnrin kan pé kí ló ṣe láti àárọ̀, ìgbà tó jí, ìgbà tó jẹun ọ̀sán àti ìgbà tó sùn nìkan ló sábà máa ń rántí. Ohun tí Jahoda rí fà yọ níbẹ̀ ni pé owó nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ń fún ènìyàn. Iṣẹ́ ló ń pín ọjọ́ fún un, tó ń mú un bá ẹgbẹ́ pàdé, tó sì ń jẹ́ kó mọ̀ pé òun wúlò. Bí iṣẹ́ bá lọ, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ lọ́jọ́ kan náà.

Mùsùlùmí ní aago kan tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò fún un, tí kò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrun márùn-ún pín ọjọ́ láti Àsùbáà dé Ìṣáì. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó bá wá bá mi ni pé kí wọ́n má kí i nílé lásìkò yìí. Ẹ lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó kéré tán fún Àsùbáà àti Alásàrí. Ẹ ó rìn, ẹ ó rí ojú ènìyàn, ẹ ó sì dìde kúrò lórí ibùsùn. Ẹ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí ẹ wọ aṣọ tó mọ́. Mo ti ṣàkíyèsí pé ìmọ́tótó ló máa ń kọ́kọ́ lọ: ọkùnrin tó máa ń gé irùngbọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò jẹ́ kó kún, yóò wọ jalábíyà kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó tó bá rí èyí, kí ó má pè é ní ìdọ̀tí. Kí ó gbé omi sílé ìwẹ̀ fún un.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ràn lẹ́nu àwọn kan nínú wa. Bí ẹni tó ń banú jẹ́ bá sọ̀rọ̀, wọn yóò ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Ànábì Yàkúbù sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun, Ànábì Ọlọ́hun sì ni. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, a máa tọrọ ìṣọ́ Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ ìdààmú, ìbànújẹ́ àti ẹrù gbèsè. Bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ń ṣe ènìyàn, kí ló fẹ́ máa tọrọ ìṣọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn sí?

Ìbànújẹ́ ọjọ́ díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ènìyàn kò sùn, tí kò jẹun, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, tí ó ń sọ pé ikú sàn ju ayé lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ àsàlátù kí ẹ tó gbàdúà sí i. Ẹ gbé e lọ sílé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní dókítà tó ń wo ọkàn àti ọpọlọ ní ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin, UITH. Ẹ ṣe àdúà náà, kí ẹ tún lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra oògùn oorun lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, ẹ má sì fi tramadol gbàgbé ìṣòro.

Ti owó ńkọ́? Ará Mẹ̀dínà kan wá tọrọ lọ́dọ̀ Ànábì. Aṣọ kan àti ife kan ni gbogbo ohun tó wà nílé rẹ̀. Ànábì bá a tà wọ́n ní dírámù méjì: ọ̀kan fún oúnjẹ ará ilé rẹ̀, ọ̀kan fún àáké. Ó ní kí ó lọ máa ṣẹ́gi, kí òun má sì rí i fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ kíyè sí i pé oúnjẹ ilé ló ṣáájú àáké. Ẹni tó bá gba owó díẹ̀ níbi iṣẹ́, kí ó yọ ti oúnjẹ oṣù díẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó kó ìyókù sí òwò. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sì gbà pé ẹni tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Bí gbèsè bá sì ti wọ̀ ọ́, onígbèsè wà lára àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Kí ó lọ bá lẹmọ́mù rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà. Kò pọn dandan kí ẹ sọ iye owó tó kù. "Iṣẹ́ bàbá yín ti parí, a ó máa ṣọ́ owó ná fúngbà díẹ̀" ti tó. Ọmọ tí wọn ò sọ fún yóò rò pé òun ló fa ìjà tó ń gbọ́ lóru.

Arákùnrin wa ti Ìpàta kò tíì rí iṣẹ́ oṣù. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láràárọ̀, 138 lórí 86 ló sì wà nígbà tí mo wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Ó ṣì ń lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n òun àti Alhaja ló jọ ń jáde báyìí lẹ́yìn Àsùbáà. Ó ń bá oníìrẹsì yẹn àti àwọn ìyá méjì tó ń ta tòmátì kọ ìṣirò ọjà wọn, wọ́n sì ń fún un ní nǹkan lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá tó bi Alhaja léèrè ọ̀rọ̀ lííbù lọ́jọ́sí.