Ráútà 5G ń sáré, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ń rákòrò: àṣé owó lẹ̀ ń fi ṣòfò!

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn déédéé mọ Interchange Ṣàgámù dáadáa. Ibẹ̀ làwọn tó ń lọ sí Ọrẹ àti Benin ti máa ń yà. Nígbà tí ìjọba gbé àtúnṣe ọ̀nà náà jáde lọ́dún 2013, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ Julius Berger láti Èkó parí sí, ibẹ̀ ni ti RCC sì ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Àwọn awakọ̀ mọ̀ pé bí apá kan bá ń dán gbinrin, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà lápá kejì, asán ni gbogbo eré téèyàn ti sá bọ̀.

Bọ́rọ̀ àwọn tó ń ra ráútà 5G fún láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ṣe rí nìyẹn o.

Látìgbà tí MTN ti gbé 5G dé ní 2022, tí Airtel náà tẹ̀lé e ní 2023, kò sẹ́ni tí ò fẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì òun máa fò. Ẹlòmíì á kó owó oṣù lé e, á gbé ráútà délé, á tan láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti ń lò bọ̀ láti ayé Jonathan. Ńṣe lojú ẹ̀ á ṣì máa yí gbirigbiri. Ló bá di pé wọ́n ń ṣépè fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bẹ́ẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láyé modem tó ń gba orí wáyà tẹlifóònù, ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní 8250 ló ń gbàlejò nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló lè dì mú. Bí kọ̀ǹpútà ò bá tètè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e á gorí ẹ̀, ó parí nìyẹn. Ìgbà tí 16550 dé, tó ń di 16 mú, lara tó tu àwọn èèyàn.

Wi-Fi ló wá dá wàhálà sílẹ̀ báyìí. Èyí tí wọ́n kọ "g" sí, mẹ́gábíìtì 54 ni wọ́n ní ó ń gbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àmọ́ ká sòótọ́, agbára káká ló fi ń dé ìdajì ẹ̀. Bí ráútà bá gbé 150 wá, ibo ni ìyókù fẹ́ gbà? Ti pé ráútà tún ń kọ "5G" síwájú orúkọ Wi-Fi kì í ṣe 5G ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, ọ̀nà 5GHz ló ń sọ, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ò tiẹ̀ rí i.

Ìgbà mìíì, ọ̀rọ̀ ò kan Wi-Fi. RAM 2GB ni, ẹrù ti dé ilé, ẹni tó máa sọ̀ ọ́ ni ò sí. Chrome ti já Windows 7 sílẹ̀ ní 2023, Microsoft náà sì pa ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 tì ní October 14, 2025. Ráútà wo ló fẹ́ ṣàtúnṣe ìyẹn?

Kéèyàn tó náwó, kó kọ́kọ́ yá fóònù tuntun lọ́wọ́ ọmọ ilé, kó jókòó ti ráútà kan náà. Bí fóònù bá ń sáré tí láptọ́ọ̀pù ń wọ́lẹ̀, ó ti mọ ọ̀daràn. Kó wá so wáyà mọ́ ihò tí wọ́n kọ 10/100 sí. Bí ihò náà bá pé, ó ń gbà tó 90, owó wáyà ọ̀hún ò sì tó nǹkan kan lára owó ráútà.