ÌTỌ́JÚ ÀTẸ́LẸSẸ̀ NÍNÚ ILÉ

Ẹ̀yin ìyá àti gbogbo ará ilé, a máa ń fọ eyín ọmọ wa, a ń di irun wọn, a sì ń wo ojú wọn bí ó bá pọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni kì í bojú wo àtẹ́lẹsẹ̀, àfi bí ẹ̀gún bá gún un. Ó yẹ kí a mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá ẹsẹ̀ àwọn àgbàlagbà.

Bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́

Láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orí ọmọ ìka, egungun 26 ni ó wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí iṣan líle so pọ̀. Bí a bá ń rìn, gìgísẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń kan ilẹ̀. Ìwúwo ara yóò wá gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sí iwájú, àtàǹpàkò yóò sì tì wá lọ. Kòtò àárín àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń tẹ́ díẹ̀, a sì padà sípò, kí ilẹ̀ líle má baà mi egungun wa jù.

Ìrora sì ni olùṣọ́ ẹsẹ̀. Bí òkúta bá wọ bàtà wa, òun ni ó ń sọ fún wa pé kí a yọ ọ́.

Bí olùṣọ́ bá sùn

Bí àrùn àtọ̀gbẹ bá pẹ́ lára ènìyàn láìsí ìtọ́jú tí ó péye, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a máa ba àwọn iṣan tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ jẹ́, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ a sì máa há. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tẹ ìṣó, tàbí kí ó yá iná nígbà ọyẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi jó, kí ó má mọ̀. Egbò náà kì í tètè jinná. Àwọn mìíràn a ní ó tẹ oògùn ìkà mọ́lẹ̀. Wọn a máa gbé e kiri títí egbò yóò fi dé egungun, tí dókítà yóò sì ní láti gé ẹsẹ̀ náà kí ẹ̀mí má baà bọ́. Ẹ má ṣe fojú kéré egbò nítorí pé kò dunni.

Ohun tí ẹ ó máa ṣe

1. Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi tí ó lọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ẹlòmíràn fi ìgbọ̀nwọ́ dán omi náà wò fún alátọ̀gbẹ. Ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ.

2. Ẹ fi òrí tàbí ìpara pa gìgísẹ̀ kí ó má baà sán, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dé àárín ọmọ ìka.

3. Ẹ gé èékánná ní ọ̀gbọọrọ. Ẹ má ṣe fi abẹ fá awọ tí ó le.

4. Ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ wọ bàtà fún àwọn ọmọ pẹ̀lú, nítorí aràn kan ń bẹ nínú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ti bàjẹ́, tí í gba awọ ẹsẹ̀ wọlé, tí í sì í mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun.

5. Bí egbò bá wà, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe da omi bátìrì, epo ẹńjìnì tàbí eérú sí i. Ẹni tí ìṣó gún, kí ó béèrè abẹ́rẹ́ tí ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Lálẹ́ òní, ẹ tan iná, kí ẹ ní kí bàbá tàbí ìyá àgbà na ẹsẹ̀. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀ àti àárín ọmọ ìka gbogbo. Bí ẹ bá rí egbò, ìléròrò, wíwú tàbí ibi tí ó dúdú, tí ẹni náà sì ní kò dun òun, ẹ má ṣe dúró títí yóò fi dùn ún.