Ohun Tí Èékánná Ń Sọ Fún Ni

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Ìkàrẹ́ ni a ra iṣu lọ́wọ́ obìnrin ará Ọ̀kà kan. Bí ó ti ń ṣẹ́ owó wa padà, ojú wa kò kúrò ní ọwọ́ rẹ̀. Èékánná rẹ̀ funfun bí ẹfun, àárín wọn sì jìn bí ṣíbí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kán omi kan ìbá fi dúró lórí wọn. Nígbà tí a bi í bí ara rẹ̀ ti rí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Akọ̀wé, ọjọ́ orí ni. Òkè Ọ̀kà ni kì í jẹ́ kí n mí dáadáa mọ́.”

Kì í ṣe ọjọ́ orí. Irú èékánná bẹ́ẹ̀ a sáábà máa fi hàn pé irin kò tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyá tí ó bímọ léraléra, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń pọ̀ jù, àgbẹ̀ tí kì í wọ bàtà tí aràn gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé lọ mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun, gbogbo wọn ni ó lè bá. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n, bí dókítà bá kọ́kọ́ wádìí ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà lọ.

Ti ìka tí orí rẹ̀ wú rùbùtù, tí èékánná sì tẹ̀ bò ó, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì, ti ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn lára àwọn tí ọyún kún àyà wọn. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, jẹjẹrẹ ibẹ̀ pẹ̀lú, àti àìsàn ọkàn ni ó sáábà máa ń fà á. Ní 1976, Leo Schamroth, dókítà ọkàn ní Gúúsù Áfíríkà, kọ̀wé nípa ìdánwò kan tí ó rí ní ìka ara rẹ̀ nígbà tí àìsàn ọkàn mú un. Ẹ mú ìka kan náà ní ọwọ́ méjèèjì, ẹ fi èékánná kan èékánná, ẹ sì gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ẹ rí ihò kékeré kan láàárín wọn ní ìdí èékánná. Bí ihò náà bá ti dí, ẹ wá dókítà lọ. Àwa pàápàá dán an wò lórí tábìlì iṣẹ́ wa kí a tó kọ èyí. Ihò tiwa ṣì wà.

Èékánná ọwọ́ ń hù ní nǹkan bí mílímítà 3 lóṣù, nítorí náà ó dà bí ìwé ìṣirò oníṣòwò. Ní 1846 ni Beau, dókítà ará Faransé, ṣàlàyé pé àìsàn líle a máa dá híhù èékánná dúró, a sì fi ilà jíjìn sílẹ̀ ní ìbú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọn ọ̀nà tí ilà náà ti rìn láti ìdí èékánná lè fojú bu oṣù tí àìsàn náà ṣẹlẹ̀.

Ilà dúdú tí ó gùn láti ìdí dé orí èékánná wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú láìsí àrùn kankan. Àgbẹ̀ tí ọkọ́ bá ní ìka yóò sì rí i pé dúdú ibẹ̀ ń bá èékánná hù lọ síwájú. Ṣùgbọ́n ilà kan ṣoṣo tí ó yọ lójijì, tí ó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí dúdú rẹ̀ ràn mọ́ awọ ẹ̀gbẹ́ èékánná, ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Bob Marley, olórin Jàmáíkà, ní jẹjẹrẹ lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní 1977, ó sì kú ní 1981, ní ẹni ọdún 36.

Ní ti làálì àti ọ̀dà èékánná, a kò bá ìyàwó tuntun jà. Kìkì pé kí ẹni tí ń lọ sí ọsibítù pa ọ̀dà rẹ́, nítorí awọ wa a máa bo ohun tí èékánná ń fi hàn kedere mọ́lẹ̀.

A sọ ohun tí a mọ̀ fún obìnrin oníṣu náà, a sì ní kí ó dé ọsibítù Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní òun yóò lọ bí òun bá ti ta iṣu tí ó kù tán. Iṣu mẹ́rìnlá ni ó kù nílẹ̀ níwájú rẹ̀.