Bí Àyà Bá Dẹ́kun Ríro, Ẹ Má Dá Oògùn Ọkàn Dúró
Ìwé ìlàlóye fún ẹni tí ìkọlù ọkàn ti bá rí, àti fún ará ilé rẹ̀, ní Àgbádárìgì àti àwọn ìlú etíkun

Ohun tó mú wa kọ ìwé yìí rèé. Ẹni tí a tọ́jú fún ìkọlù ọkàn yóò gba oògùn oṣù kan lọ sílé. Ara á tù ú, àyà ò ní ro mọ́. Ọjọ́ tí a dá fún un á kọjá, a ò ní rí i. Ìgbà tí a ó fi tún rí i, wọ́n ti fi í sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà, òógùn ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ já gaara. Bí a bá bèèrè oògùn rẹ̀, ará ilé á ní: "Ara ẹ̀ ti yá, ó ti dá a dúró." Ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù létí wa ní kántà ilé ìwòsàn.

Ìdí tí ìkọlù kejì fi ń wá

Ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn, fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìjẹ́ pé ènìyàn mọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rá náà bá sán, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, iṣan á dí, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ lára ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà tí ìrora bá lọ, ọ̀rá kò bá a lọ. Ó ṣì wà níbi tó wà, ó sì lè wà nínú àwọn iṣan mìíràn pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ iye wọn sílẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún tó ti ní ìkọlù ọkàn ló ń padà sílé ìwòsàn nítorí òmíràn láàárín ọdún 5. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ewu rẹ̀ ga jù lọ.

Ewu náà tún ga fún ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára. Ẹni tó bá jáwọ́ nínú sìgá lẹ́yìn ìkọlù ọkàn dín ewu ikú tirẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Oògùn yín kì í ṣe oògùn ìrora

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé nínú ilé.

Aspirin tí a fún yín, 75 mg lójoojúmọ́, kì í ṣe nítorí pé àyà ń ro yín. Ó wà kí ẹ̀jẹ̀ má baà tún dì. Ní ọdún 1988, àwọn dókítà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 17,187 ní orílẹ̀-èdè 16, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí wọ́n fura sí pé ìkọlù ọkàn bá. Láàárín àwọn tó lo Aspirin fún oṣù kan péré, iye ẹni tí ìkọlù tún bá dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Oògùn tí owó rẹ̀ kéré jù nínú àpò yín nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò máa lò ó títí ayé.

Clopidogrel ń bá Aspirin ṣiṣẹ́, ó sì sábà máa ń tó ọdún kan kí a tó dá a dúró. Bí wọ́n bá ti fi irin kékeré sínú iṣan ọkàn yín kí ó má baà dí, ẹ má fi ọjọ́ kan fò ó, torí ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú irin náà lójijì. Bí ẹni tó fẹ́ yọ eyín yín bá ní kí ẹ dá a dúró, ẹ kọ́kọ́ wá bá wa. Atorvastatin wà fún ọ̀rá inú iṣan. Kódà bí àyẹ̀wò bá ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín kò pọ̀, ẹ máa lò ó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń dín wàhálà ọkàn kù. Bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ yín bá ti wálẹ̀, oògùn ló mú un wálẹ̀, ẹ má torí ìyẹn pa á tì.

A mọ ohun tó ń mú kí ẹ dá a dúró, torí ẹ máa ń sọ fún wa. Bí owó ni, ẹ má máa fi ọjọ́ kan lò ó, kí ẹ fi ọjọ́ kejì fò ó. Ẹ sọ fún dókítà kó wá èyí tí owó rẹ̀ kéré, kí ẹ sì bèèrè ohun tí ìlànà ìlera ILERA EKO lè san níbẹ̀. Bí Aspirin bá ń ta yín níkùn, oògùn wà tó ń dáàbò bo ikùn. Bí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá fún yín, ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá ń gbààwẹ̀, a lè pín oògùn sí àkókò sààrì àti ìṣínu. Ẹ̀yin apẹja tí ẹ ń lọ síhà Kútọnu tàbí Gánà fún oṣù mélòó kan, ẹ sọ fún wa ṣáájú, kí a kọ iye tí yóò tó yín dé. Ẹ má sì padà sídìí àwọ̀n fífà láìjẹ́ pé dókítà yọ̀ǹda.

Àgbo àti àdúrà kò rọ́pò oògùn wọ̀nyí. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kó gbà á, kó sì gbé oògùn rẹ̀ mì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ojú ń ti àwọn ọkùnrin láti bi wá. Bí a bá fún yín ní oògùn tí à ń fi sábẹ́ ahọ́n, ẹ kò gbọdọ̀ lo oògùn agbára ọkùnrin, irú Sildenafil. Àwọn méjèèjì papọ̀ lè mú kí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ débi ikú.

Bí ó bá tún dé

Àyà á wúwo tàbí kó máa fún, ó lè ràn dé apá, ọrùn, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, òógùn tútù á máa jáde, èébì á máa gbé yín. Nígbà mìíràn, pàápàá lára obìnrin àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àyà lè má ro rárá: mímí á kàn nira, ara á rẹ̀ lódìlódì. Ẹ má pè é ní ọgbẹ́ inú, ẹ má lọ ra oògùn ikùn ní kẹ́mísì, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ pe 112 tàbí 767, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ Aspirin 300 mg lẹ́nu, ẹ má gbé e mì lódindi, àfi bí dókítà bá ti kìlọ̀ fún yín pé Aspirin kò bá yín lára mu. Ẹni tó wà ní Gberefu tàbí erékùṣù mìíràn, kí ó ti bá ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ṣàdéhùn nísinsìnyí nípa òru.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ó ṣe àyẹ̀wò ọkàn tí à ń pè ní ECG, a ó sì gba ẹ̀jẹ̀. Èsì ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ lè dára síbẹ̀ kí ìkọlù ti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbà á lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Àwọn kan máa ń bínú lọ sílé láàárín àkókò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Bí ó bá yẹ, a ó fi yín ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀nà náà jìn, torí náà ẹ má jẹ́ kí wákàtí kankan ṣòfò nílé kí ẹ tó jáde.

Ní kántà

Ẹ kó gbogbo oògùn wá nínú páálí wọn, kì í ṣe nínú ọ̀rá, pẹ̀lú ìwé tí a fi dá yín sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ akápò nìkan ni kí ẹ ti sanwó, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹnikẹ́ni lẹ́nu géètì tó ní òun á bá yín gba nọ́ńbà kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Bí èdè Ègùn ló rọrùn fún yín, ẹ sọ ọ́.

Ẹ wo ọjọ́ tí a kọ sára káàdì yín. Bí ó bá ti kọjá, ẹ máa bọ̀ lọ́la. Ẹnikẹ́ni kò ní bá yín wí.